Wọ́n Ń Pè Mí Ní Bàbá Etí-Òkun

Ẹni tí wọ́n bá lù ní jìbìtì ilẹ̀ máa ń rí àánú gbà. Àwọn ará ilé á bá a dárò, pásítọ̀ á gbàdúrà fún un, ìyàwó rẹ̀ á ní kó má ronú mọ́, lọ́yà pàápàá á fún un ní àga kó jókòó kó tó sọ iye tí òun máa gbà. Èmi ò rí irú àánú bẹ́ẹ̀, torí pé ẹnikẹ́ni ò lù mí ní jìbìtì. Ilẹ̀ mi wà níbẹ̀. Ìwé rẹ̀ pé. Orúkọ mi ló wà lórí sọ́fè, wọn ò sì ṣi sípẹ́lì rẹ̀ kọ. Ibi tó ti ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ta ni kí n mú?

Pákó ni mò ń tà ní Òkè-Àgbò, nílùú Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí ẹ bá ti ra àfàrà tàbí arère ládùúgbò wa rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi lẹ ti rà á, ẹ ó sì rántí pé mi ò dín kọ́bọ̀. Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé mo mọ ọjà. Ọmọ alárè ni mí. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ mi, kó tètè jí.

Ṣùgbọ́n àwọn ajẹntì ilẹ̀ ayé òde òní kì í sùn. Nílùú wa báyìí, ibi òkú sísìn ni ọjà ilẹ̀ ti ń yá jù. Ẹ lọ síbi ìnáwó kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Agọ́-Ìwòyè, ẹ jẹ ìrẹsì yín tán, wọ́n á gbé báàgì ìrántí lé yín lọ́wọ́. Ike á wà nínú ẹ̀, tówẹ̀lì á wà nínú ẹ̀, lábẹ́ tówẹ̀lì ni ìwé ìpolówó ilẹ̀ á wà. Òyìnbó obìnrin kan ló sábà máa ń wà lórí ìwé náà, á máa lúwẹ̀ẹ́ nínú omi aláró tí mi ò tíì rí irú ẹ̀ lódò kankan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí ni Dubai tuntun. Ìwé ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e á ní Miami ni. Ìgbà tí wọ́n wá ní Marbella ilẹ̀ Yorùbá ni, mo pe ọmọkùnrin tó ń pín in, mo ní, "Ìwọ, kí ló ń jẹ́ Marbella?"

Ó ní, "Dádì, ìlú kan ni ní Spain, létí Òkun Mẹditaréníà. Àwọn olówó gbogbo ayé ló ń ra ilé síbẹ̀."

"Ṣé o ti débẹ̀ rí?"

"Dádì, mo ti rí i lórí fóònù."

Mo mọ bàbá ọmọ yìí. Ọmọ náà kàwé nípa ẹranko ní yunifásítì Agọ́-Ìwòyè, ó jáde, iṣẹ́ ò sí, ó di ajẹntì. Mi ò lè bá a jà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí láràárọ̀, á béèrè àlàáfíà mi, á béèrè ti ìyálé ilé, á béèrè bí oorun ṣe rí. Àwọn ọmọ tí mo bí ò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Kò sí ajẹntì tí kò mọ kátíkísìmù Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí sórí. Ilé ìfọpo Dangote, tí wọ́n ṣí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àgbá epo rọ̀bì 650,000 lóòjọ́. Ebúté omi jíjìn ti Lẹ́kìí, tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù Kìíní ọdún yẹn kan náà. Agbègbè ìṣòwò ọ̀fẹ́ tó ti wà níbẹ̀ láti 2006. Pápákọ̀ òfurufú tó ń bọ̀ lọ́nà. Ti pápákọ̀ òfurufú yìí, ó ti ń bọ̀ lọ́nà láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí mi. Ìyókù jẹ́ òótọ́, mi ò jiyàn. Ohun tí kátíkísìmù náà ò sọ ni ọ̀nà tí ọrọ̀ ilé ìfọpo máa gbà dé orí pílọ́ọ̀tì tèmi. Ó dájú pé kò ní gba títì, torí kò sí títì níbẹ̀.

Wọ́n fi bọ́ọ̀sì kó wa lọ wo ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. A gba Ìjẹ̀bú-Òde, a já sí Ẹ̀pẹ́, àwọn obìnrin inú ọkọ̀ ní àfi kí wọ́n dúró ra ẹja lọ́jà Olúwo. Wọ́n fún wa ní jọ̀lọ́ọ̀fù nínú páàkì, wọ́n fún wa ní fìlà tí orúkọ ilé iṣẹ́ wọn wà lórí rẹ̀. (Ilé iṣẹ́ náà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Wọn ò ṣẹ̀ mí. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.) Ọ̀gá wọn obìnrin wọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga, ó ń fi ọ̀pá júwe fún wa: ibí ni odò ìlúwẹ̀ẹ́ máa wà, ibẹ̀ yẹn ni pápá tẹ́níìsì, ọ̀hún ni ilé ìwòsàn. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń rì. Nígbà tó fi máa dé orí ilé ìwòsàn, a ò rí gìgísẹ̀ bàtà náà mọ́.

"Ilẹ̀ gbígbẹ ni o," ló ń tẹnu mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, iṣẹ́ igi ni mo ti ń ṣe láti kékeré. Mo ti wọ igbó Ọmọ títí dé J4 kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ àwọn ajẹntì wọ̀nyí. Igi kì í purọ́ fún mi. Níbi tí mo bá ti rí àfàrà, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi á gbẹ. Ohun tó sì wà níwájú wa, láti ọwọ́ ọ̀tún dé ọwọ́ òsì, igi ògùrọ̀ ni. Ògùrọ̀ tí kì í hù níbi tí omi ò bá sí. Mo fa ọmọ mi ajẹntì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí ni ògùrọ̀ ń ṣe lórí ilẹ̀ gbígbẹ?"

"Ọ̀ṣọ́ ni, Dádì. Àwọn tó ń ṣe ọgbà ló gbìn ín."

"Ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ké yẹn ńkọ́?"

Ọmọ tó kàwé nípa ẹranko fún ọdún mẹ́rin wojú mi, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan.

Mo rà á. Ẹ má wò mí báyẹn. Lẹ́kìí tí wọ́n ń gbé lónìí, ṣé kì í ṣe irà ni púpọ̀ nínú ẹ̀? Eko Atlantic tí wọ́n ń pariwo, ṣebí orí omi òkun ni wọ́n kó iyanrìn sí títí ó fi di ilẹ̀? Omi kì í ṣe àléébù lọ́nà ibẹ̀ yẹn, owó iyanrìn ni ọ̀ràn. Mo sì ná ilẹ̀ náà dáadáa. Mo ná an títí ọ̀gá obìnrin náà fi jókòó sórí àpótí, tó ń fi ìwé ìpolówó fẹ́ ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ra ilẹ̀ lọ́jọ́ náà tó san iye tí mo san. Lórí èyí, ọkàn mi balẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ kí n ná ni gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìwé, torí orí rẹ̀ ni àpò mi ti kọ́kọ́ jò. Ní oṣù Kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́, ọmọ ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín, gbé òfin ilẹ̀ jáde pé gómìnà ló ni gbogbo ilẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, kó máa bá àwọn ará ìlú tọ́jú rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ ò kúrò lórí ilẹ̀. Nítorí náà, ẹ ó kọ́kọ́ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, lẹ́yìn náà ẹ ó san owó fún ẹni tó tún ni ín, kó lè gbà pé ẹ rà á. Bí ilẹ̀ náà bá tún bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ ara rẹ̀, àfi kí ìjọba gé díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ dá padà fún abúlé, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú gàsẹ́ẹ̀tì, ìwé ìròyìn ìjọba. Ìyẹn ni àwọn ajẹntì ń pè ní excision. Tiwa "ti wà lórí tábìlì" nígbà tí mo rà á. Mo béèrè tábìlì wo. Wọ́n ní ní Alausa. Mo ti débẹ̀ rí, tábìlì ibẹ̀ pọ̀.

Kí n má parọ́, ó jáde. Ó wà nínú gàsẹ́ẹ̀tì, mo fojú ara mi rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ta ni kí n mú.

Ṣùgbọ́n kó tó jáde, mo san owó fọ́ọ̀mù, mo san owó sọ́fè, mo san owó ìwé àdéhùn, mo san owó lọ́yà tó máa ka ìwé àdéhùn tí mo ti sanwó rẹ̀. Mo san owó iyanrìn. Iyanrìn dé, ó rì. Mo tún san owó iyanrìn tó máa gbé iyanrìn àkọ́kọ́ dúró. Wọ́n wá ní kí n san owó ìdàgbàsókè. Mo ní kí wọ́n mú mi lọ wo ohun tó ti dàgbà.

Géètì ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, géètì náà ga. Ó ga ju ti ààfin ọba míì lọ. Wọ́n fi ọ̀dà wúrà kùn ún, kìnnìún méjì tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ jókòó lọ́tùn-ún lósì, ọ̀kan ò ní etí. Ògiri ò sí. Ọgbà ò sí. Géètì nìkan ló dá dúró sáàárín pápá. Mégàádì wà níbẹ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó gbé ìwé ńlá kan ka iwájú. Ó ní kí n kọ orúkọ mi, kí n kọ nọ́ńbà fóònù mi, kí n kọ ẹni tí mo wá rí. Mo kọ ọ́ pé ara mi ni mo wá rí. Ó ní ìyẹn ò sí nínú òfin ẹ̀sítéètì. Níbi tí mo ti ń bá a fà á, agbo màlúù kan gba ẹ̀gbẹ́ géètì wọlé. Ẹnikẹ́ni ò béèrè orúkọ lọ́wọ́ wọn. Mo ní kó wo ẹ̀yìn, ó ní, "Bàbá, àwọn yẹn kì í ṣe àlejò."

Ní ti àwọn ọmọ onílẹ̀, mo ti múra sílẹ̀ dè wọ́n. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó de àwọn ajagungbalẹ̀ lọ́dún 2016, ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa náà ṣe tiwọn lọ́dún kan náà. Mo tẹ òfin ti Èkó jáde, mo dì í mọ́ abíyá. Ìgbà tí mo gbé búlọ́ọ̀kù díẹ̀ lọ síbẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n fi dé lórí ọ̀kadà, wọ́n ní owó ìpìlẹ̀ dà, owó lẹ́ńtẹ̀lì dà, owó òrùlé dà. Òrùlé! Ẹni tí kò tíì gbẹ́ ilẹ̀! Mo yọ ìwé mi, mo kà á fún wọn láti òkè délẹ̀. Aṣáájú wọn gbọ́ ọ tán, ó mi orí, ó ní, "Bàbá, òfin yẹn dáa, àwa náà gbọ́ ọ lórí rédíò. Ẹ san ti ọdún 2015."

Gbogbo èyí, mo lè fara dà á. Ilé ni wọ́n ti ń pa mí.

Mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́ jáde pé mo ra ilẹ̀. Mo fura sí ìyàwó mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ò sí. Mo kàn rí i pé àwọn ará Òkè-Àgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Bàbá Etí-Òkun. Ó dùn mọ́ mi fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìkórè dé láti ṣọ́ọ̀ṣì: ọdọọdún ni mo máa ń wà lára àwọn tó ń gbé àga, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n fi mí ṣe alága pátápátá. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo wọ̀ láti yá owó ní àwọn ò lè yá mi lówó mọ́, torí ó ti hàn pé mo ti kọjá ẹni tó ń yá owó. Àbúrò ìyàwó mi wá béèrè owó ilé ìwé ọmọ. Mo ní kò sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilẹ̀ létí òkun." Mo ní ilẹ̀ ni mo ní, mi ò ní òkun. Ó tún rẹ́rìn-ín.

Àwọn oníbàárà mi ò san gbèsè pákó mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù, owó wọn kéré sí tèmi. Ìyàwó mi ti rán aṣọ tó máa wọ̀ lọ jókòó létí omi. Aṣọ náà wà nínú àpótí, mo mọ iye tó jẹ́, èmi ni mo san án. Akọ́bí mi tó wà ní Peckham, nílùú London, ti ń ṣàlàyé fún mi lórí WhatsApp bí òun ṣe máa fi ilé náà gba àlejò olówó dọ́là. Ilé wo? Ó ní kí n má da ara mi láàmú, òun ti ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀. Òyìnbó obìnrin kan wà nínú àwòrán náà tó ń lúwẹ̀ẹ́. Mo mọ obìnrin yẹn. A ti pàdé nídìí tówẹ̀lì.

Akọ́bí mi yìí náà ló sọ fún mi pé ó yẹ kí n fẹ̀sọ̀ ṣe, nítorí Marbella gan-an, àwọn tó ra ilé níbẹ̀ ti rí màbo. Lọ́dún 2006, ìjọba Spain tú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú náà ká nítorí ìwà ìbàjẹ́, wọ́n mú olórí ìlú obìnrin àti àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì hàn pé ọ̀pọ̀ ilé tó wà níbẹ̀ ni ìwé àṣẹ ìkọ́lé wọn ò bófin mu. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, láti 1988, òfin wọn ti sọ pé etí òkun jẹ́ ti gbogbo ìlú. Òyìnbó tó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ilé síbẹ̀ jí lówùúrọ̀, wọ́n ní orí ilẹ̀ ìjọba ló ń sùn. Mo gbọ́ ọ, inú mi sì dùn díẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ó kéré tán, wọ́n fún àwọn yẹn ní nǹkan. Ẹni tó bá ra ilé tó tó 500,000 Euro ní Spain ń gba ìwé ìgbélùú lé e, kí wọ́n tó fòpin sí i ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Èmi, fìlà ni wọ́n fún mi. Ó sì ti ṣí.

Níhìn-ín náà, ọ̀rọ̀ etí òkun ti délẹ̀. Ọ̀nà etí òkun tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024, èyí tó máa gùn tó kìlómítà 700 láti Èkó dé Calabar, ti wó ọ̀pọ̀ ibi ìgbafẹ́ àti ibi ìtajà ní Èkó. Wọ́n ní mítà 250 láti etí omi wọnú ilẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo sáré gbé sọ́fè mi jáde láti wo bí mo ṣe jìnnà sí omi tó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo dúpẹ́. Ilẹ̀ tí wọ́n tà fún mi gẹ́gẹ́ bí etí òkun, ẹni tó bá fẹ́ rí òkun níbẹ̀, àfi kó wọ ọ̀kadà. Ọ̀nà náà ò lè kàn mí láé.

Èyí tó wá ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé àwa náà ní òkun. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní etí òkun, bó tilẹ̀ kéré, gbogbo rẹ̀ sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Àbígi. Àwọn ará ibẹ̀ àti àwa ará Ìjẹ̀bú North pẹ̀lú Ìjẹ̀bú East la jọ ń rán aṣojú kan ṣoṣo lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábùjá. Ọmọ Mákùn-Omi ni ìyá tó bí mi. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí n wá mú ilẹ̀ létí omi, ibi tó bá wù mí, ìgò ṣìnáàpù ni wọ́n fẹ́ gbà. Mi ò lọ. Ta ni ń lọ síbẹ̀ nígbà náà? Ẹ̀fọn ló wà níbẹ̀, ẹja gbígbẹ ló ń ti ibẹ̀ wá. Ìjọba àpapọ̀ náà gbìyànjú: wọ́n ní àwọn máa ṣe ilé iṣẹ́ ìwé sí Ìwòpin, ìkẹta ti Jẹ́bà àti Oku-Iboku. Wọn ò kọ́ ọ parí. Ẹ wo bí mo ṣe san owó ìwé ilẹ̀ tó, bí wọ́n bá parí ilé iṣẹ́ yẹn ni, ìwé tèmi nìkan ì bá máa mú un ṣiṣẹ́ lọ.

Láàárọ̀ àná, ọmọ mi ajẹntì pè. Ó béèrè bí oorun ṣe rí. Ó ní ìròyìn ayọ̀ dé, ilé iṣẹ́ àwọn ti rí etí òkun tuntun, owó rẹ̀ ò tíì lọ sókè, ọ̀nà Calabar máa gba ibẹ̀ kọjá. Mo ní níbo.

Ó ní, "Ogun Waterside ni, Dádì. Ẹ ò lè mọ ibẹ̀. Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Mákùn-Omi."

Mo pa fóònù, mo pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó kù láyé. Ó ní, "Òótọ́ ni, ọmọ mi. A ti tà á. A fi ìdí-igi pín owó náà. Ti ìyá rẹ ò pọ̀, a fi ra ọtí ọjọ́ ìpàdé."

Mo ní, "Ẹ̀yin ò lè pè mí, bàbá?"

Ó ní, "Wọ́n ní o ti di Bàbá Etí-Òkun ní Lẹ́kìí. A rò pé o ò nílò rẹ̀." Ó wá fi ọkàn mi balẹ̀: kò tíì tán. Owó ìpìlẹ̀ ṣì ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́lé níbẹ̀ máa san án fún ẹbí, ẹbí á sì pín in, ìpín tèmi á sì wà níbẹ̀ nítorí ìyá mi.

Mo jókòó lórí pákó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Bí mo bá ra ilẹ̀ ìyá mi lọ́wọ́ ajẹntì, mo máa san owó ìpìlẹ̀ fún ẹbí mi, ẹbí mi á sì fún mi ní díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo tún pe bàbá, mo ní ṣé wọ́n lè yọ ìpín mi kúrò kí n tó san án, ká má wulẹ̀ dààmú ara wa. Ó ní rárá o, mo gbọ́dọ̀ san án pé, kí wọ́n tó pín in, ìpàdé ìpínwó náà sì ní owó ìjókòó.

Mo ní kó fún mi láyè kí n rò ó. Ajẹntì ti tún pè lálẹ́, ó ní ẹni tó bá san kí oṣù yìí tó parí máa gba àgbò kan. Mo ní kó fa àgbò náà wá sí Òkè-Àgbò kí n kọ́kọ́ rí i.